Igún Ìjẹ̀bú-Òde Dà?

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn sẹ́ẹ̀tì 1975 sọ níbi àpéjọ ẹgbẹ́ wa)

Nígbà tí akọ̀wé ní kí n wá sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àwọn kan ti ń di àpò wọn mú, wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ owó ìdájọ ni. Ẹ fọkàn balẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹyẹ ni mo bá wá, ẹyẹ tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò fẹ́ràn rí: igún.

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀. Ẹ rántí odò-ẹran tí a máa ń gbà kọjá bí wọ́n bá rán wa lọ sọ́jà. Ẹ rántí bí igún ṣe máa ń tò sórí páànù bí àwọn àgbà tó wá ṣèpàdé, orí pá, ejìká sọ̀, wọn ò bá ẹnikẹ́ni jà. Alápatà á ju ìfun sílẹ̀, kó tó yíjú padà, ilẹ̀ ti mọ́. Àwa la ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ẹni tí òkúta rẹ̀ bá ba igún lónìí, akọni ni lójú kíláàsì títí di ọ̀la. Mo mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n jù, ó jókòó sí ìlà iwájú yẹn, ó ti di bàbá ìjọ báyìí. Mi ò ní dárúkọ.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ-ọmọ mi ka òwe kan nínú ìwé rẹ̀, ó ní, "Bàbá àgbà, kí ló ń jẹ́ igún?" Mo ní kó jáde, kí n fi hàn án. A jáde. A wojú ọ̀run títí. Lékèélékèé kọjá, àdàbà bà lórí wáyà, igún kò sí. Mo wá ń ronú ìgbà tí mo rí i kẹ́yìn nílùú yìí. Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò rántí.

Kì í ṣe ojú àgbà ló ń ṣe mí. Lọ́dún 2011, àwọn onímọ̀ méjì, Darcy Ogada àti Ralph Buij, kó iye irú igún tiwa yìí jọ káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n rí i pé ó ti dín ní nǹkan bí 62 nínú 100 láàrin 40 sí 50 ọdún. Lọ́dún 2015, àjọ àgbáyé IUCN kọ orúkọ rẹ̀ sí ìpele tó kángun sí ìparun. Ẹyẹ orí ààtàn wa o!

Kí ló fà á? Àkọ́kọ́, igi. Orí igi ńlá bí àràbà ni igún ń tẹ́ ìtẹ́ sí, ẹyin kan ṣoṣo ló sì ń yé lẹ́ẹ̀kan. A gé igi náà, a fi ilé rọ́pò rẹ̀. Èkejì, májèlé. Ẹni tó fi májèlé sínú ẹran nítorí ajá tàbí ẹranko búburú, igún ló máa kọ́kọ́ débẹ̀. Ẹ̀kẹta ló burú jù: oògùn. Ní Guinea-Bissau, láàrin 2019 sí 2020, igún tó lé ní 2,000 ni májèlé pa, wọ́n sì ti gé orí ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kàn mí. Lọ́dún 1986, mo ń wá ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́. Bàbá kan ní kí n lọ wá orí igún wá, òun á fi gún ọṣẹ fún mi. Mo lọ sọ́jà, mo rà á. Ọjọ́ méje ni mo fi wẹ̀ ẹ́. Ìgbéga kò dé. Ọdún 1989 tí mo jókòó kàwé, tí mo yege ìdánwò, ló tó dé. Igún yẹn kú lásán. Mi ò sọ èyí fún ìyàwó mi rí; òun náà ń gbọ́ ọ lónìí.

Àwọn kan á ní àṣà wa ni. Àṣà ta ni? Ṣebí àwọn baba wa ló ní a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ orí. Àwọn náà ló ní bí a ò bá rí igún, a ò gbọdọ̀ ṣebọ. Oníṣẹ̀ṣe tó mọ ohun tó ń ṣe kò ní pa ẹyẹ tó ń gbé ẹbọ rẹ̀ dé ọ̀run. Àwa tí à ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, tí à ń yọ́ lọ ra orí igún lóru, kí la fẹ́ sọ?

Ẹlòmíràn á ní, "Ebi ń pa èèyàn, ìwọ ń sọ̀rọ̀ igún." Ẹ gbọ́ ti Íńdíà. Láti bí 1990 síwájú ni igún ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ bẹẹrẹ níbẹ̀. Ọdún 2004 ni ìwádìí fi hàn pé diclofenac ni, oògùn ara ríro tí orúnkún púpọ̀ nínú wa mọ̀ dáadáa. Wọ́n ń fún màlúù. Bí màlúù bá kú, tí igún jẹ ẹ́, kíndìnrín igún á bàjẹ́. Òkú màlúù wá ń jẹrà nílẹ̀, ajá pọ̀, omi bàjẹ́. Lọ́dún 2006 ni ìjọba Íńdíà fòfin de lílò rẹ̀ fún ẹran. Lọ́dún 2024, àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé, Eyal Frank àti Anant Sudarshan, ṣírò pé nǹkan bí 500,000 èèyàn ló kú lé iye tó yẹ kó kú láàrin 2000 sí 2005 nítorí àìsí igún. Gbálẹ̀gbálẹ̀ tí kì í gba owó oṣù ni wọ́n pàdánù.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta ni mo ní. Ẹ̀yin dókítà ẹran tó wà láàrin wa, ẹ jọ̀wọ́, meloxicam kì í pa igún. Òun ni kí ẹ máa lò dípò diclofenac. Ẹ̀yin olùkọ́ tó wà lẹ́nu iṣẹ́, Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù September ni ọjọ́ igún lágbàáyé. Ẹ kó àwọn ọmọ jáde lọ́jọ́ náà, kí wọ́n ka ẹyẹ ìlú yìí, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni yóò dun àwọn kan. Ẹ ti rí àwòrán gbọ̀ngàn tí ẹgbẹ́ wa fẹ́ kọ́ sẹ́yìn pápá. Ó dára, mo ti san tèmi níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n fà á sí yẹn, ibi tí àràbà wa wà ni. Alága, ẹ jẹ́ ká sún un síwájú díẹ̀. Bí ó bá gba àfikún owó láti tún àwòrán yà, ẹ kọ orúkọ mi sílẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Mo jẹ igún ní gbèsè kan láti 1986.

Ìkọ́kọrẹ́ ti ń tutù.