Kí Ọmọ Tó Yan Iṣẹ́ Ìlera

  Ọ̀rọ̀ wa ti òní kan àwọn ọmọ wa ní ilé ẹ̀kọ́ girama, pàápàá àwọn tí wọ́n ń wí pé iṣẹ́ ìlera ni àwọn fẹ́ ṣe.

Bí a bá bi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ léèrè ohun tí ó fẹ́ dà, ìdáhùn méjì ni a sábà máa ń gbọ́: dókítà tàbí nọ́ọ̀sì. Iṣẹ́ rere ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n ta ni ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí a tó mọ̀ bóyá ibà ni tàbí táífọ́ọ̀dù? Ta ni ń ya àwòrán egungun tí ó ṣẹ́? Ta ni ń tọ́jú oògùn tí ó sì mọ ìwọ̀n rẹ̀? Ta ni ń kọ́ ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọlù bí yóò ti tún rìn? Ta ni ń yẹ omi kànga àti ẹran ọjà wò? Olúkúlùkù iṣẹ́ wọ̀nyí ni ó ní ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò gbọ́ orúkọ iṣẹ́ kan rí, báwo ni yóò ti ṣe yàn án?

Àwa tí a ń gbé Kano kò gbọdọ̀ fojú kéré àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí. Ní ọdún 1996, àrùn yírùnyírùn, tí àwọn Hausa ń pè ní sankarau, mú ènìyàn tí ó ju 100,000 lọ ní Nàìjíríà, ó sì pa èyí tí ó ju 11,000 lọ. Ní ọdún 2003, nítorí ìfura, ìpínlẹ̀ Kano dá oògùn àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ dúró títí di ọdún 2004. Àrùn náà sì tàn dé orílẹ̀-èdè mìíràn. Ní oṣù kejì ọdún 2013, àwọn agbébọn pa ó kéré tán obìnrin mẹ́sàn-án tí ń fún àwọn ọmọdé ní oògùn náà ní Kano. Síbẹ̀, iṣẹ́ náà kò dúró. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, a kéde pé irú àrùn náà tí ó wà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Áfíríkà. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń lọ láti ojúlé dé ojúlé kì í ṣe dókítà.

Nítorí náà, ìgbà wo ni ó yẹ kí a ti fi ọ̀nà han ọmọ? Kí ó tó wọ girama àgbà ni. Ìgbà náà ni ó ń yan ẹ̀kọ́ tí yóò kọ́. Ẹni tí yóò wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ yege dáadáa nínú Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Báyọ́lọ́jì, Kẹ́mísírì àti Físíìsì. Ọmọ tí ó bá sá fún Ìṣirò àti Físíìsì lónìí, tí ó wá ń sunkún nọ́ọ̀sì nígbà tí ó bá ń múra ìdánwò WAEC, ti pẹ́ kí ó tó jí.

Ewu kejì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké àti ṣọ́ọ̀bù oògùn kan wà tí wọ́n ń gba ọmọbìnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí girama. Wọ́n á gba owó lọ́wọ́ òbí, wọ́n á wọ̀ ọ́ láṣọ funfun, wọ́n á fi bí a ti ń gún abẹ́rẹ́ hàn án, lẹ́yìn oṣù díẹ̀ wọ́n á fún un ní ìwé ẹ̀rí. Ìgbìmọ̀ tí ń rí sí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Nàìjíríà kò mọ ìwé yìí. Ọmọ náà kò ní láísẹ́ńsì, owó oṣù rẹ̀ kò tó nǹkan, aláìsàn tí ó bá sì ṣi oògùn fún lè kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan, ẹ béèrè: ìgbìmọ̀ ìjọba wo ni ó fọwọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ yìí? Ẹni tí kò bá lè dáhùn, ẹ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Kí ni a lè ṣe? Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ẹ̀yin apòògùn tí ẹ wà láàárín wa, ẹ yọ̀ǹda ọjọ́ Sátidé kan kí ẹ sọ fún àwọn ọmọ wa bí iṣẹ́ yín ti rí, àdùn rẹ̀ àti ìkorò rẹ̀. Ẹ̀yin òbí, bí ẹgbẹ́ Red Cross bá wà ní ilé ẹ̀kọ́ ọmọ yín, ẹ jẹ́ kí ó wọ̀ ọ́. Níbẹ̀ ni yóò ti kọ́ bí a ti ń di ọgbẹ́, níbẹ̀ ni yóò sì ti mọ̀ bóyá òun lè fara da ẹ̀jẹ̀ àti ìkérora. Bí ó bá rí i pé òun kò lè ṣe é, ẹ má fi ipá mú un. Àǹfààní ni pé ó tètè mọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù fún àwa tí a wà ní ìdálẹ̀. Púpọ̀ nínú ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ni ó ń béèrè ìwé ìbílẹ̀ láti ìjọba ìbílẹ̀ baba ọmọ. Yálà Ọ̀fà ni ilé yín tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ tí a ó ti fọ́ọ̀mù. Nígbà tí ẹ bá lọ sílé fún ọdún, ẹ gba ìwé náà bọ̀.

 Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a ṣe làálàá ọmọ lásán.