Ta Ló Wà Lẹ́yìn Ẹni Tó Fẹ́ Ra Ilẹ̀?
(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Àkúrẹ́ àti Oǹdó sọ ní ìpàdé ẹ̀ka)

Ìdí ẹ̀rọ àti ìdí mọ́tò la ti ń jẹun, ṣùgbọ́n oko kòkó àwọn bàbá wa ṣì wà lọ́wọ́ ẹbí. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kàn wá.

Ìwé òfin Ìwọ̀-Oòrùn ti 1959, nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ Ìbàdàn, sọ pé àjèjì kò gbọdọ̀ gba ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀ láìjẹ́ pé ìjọba fọwọ́ sí i. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 sì fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ Gómìnà, kí ó máa tọ́jú rẹ̀ fún àǹfààní gbogbo ọmọ Nàìjíríà.

Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ̀ ọ́. Ògiri tiwa lanu. Kọ́ńpìnì tí a bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbí, ọmọ Nàìjíríà ni lójú òfin, bí gbogbo owó inú rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ ti àjèjì. Bí ìjọba ilẹ̀ mìíràn bá ló ni owó náà ńkọ́?

Arkansas, ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, ṣòfin lórí èyí ní 2023. Syngenta, tí ìjọba Ṣáínà ni olówó rẹ̀, ní oko éékà 160 níbẹ̀. Ní oṣù October ọdún náà, ìpínlẹ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n tà á láàárín ọdún 2. Wọn kò wo orúkọ ara pátákó. Ẹni tó ni owó ni wọ́n wò.

A kò ní ká lé àlejò. Ẹni tó dá iléeṣẹ́ sílẹ̀, tó gba ọmọ wa síṣẹ́, tó sì san owó tó tọ́, kí ó máa bọ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ẹ̀bá odò Ọ̀wẹnà tí a ń mu, ilẹ̀ itòsí pápá ọkọ̀ òfuurufú Àkúrẹ́, àti ilẹ̀ ọ̀dà ní Agbabu, kì í ṣe ọjà ọ̀sán gangan.

Nítorí náà, kí olórí ẹbí tó tẹ̀ka, ẹ béèrè ẹni tó ni kọ́ńpìnì náà gan-an. Òfin kọ́ńpìnì ti 2020 ní kí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ hàn. Kí ẹ̀ka wa sì kọ̀wé sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Àkúrẹ́, pé kí wọ́n máa béèrè bẹ́ẹ̀ kí Gómìnà tó buwọ́ lu ìwé ilẹ̀ èyíkéyìí.

Ẹni tó bá ta ilẹ̀ láìbéèrè, àwọn ọmọ rẹ̀ ni yóò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.