Abọ́ Màmá Lọ́jọ́ Iléyá

Ẹ̀yin ọmọ Ìwó tí ẹ fi ilé sílẹ̀ àmọ́ tí ẹ kò gbàgbé ilé, ọ̀rọ̀ òní dá lé ìdílé tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, tí Iléyá sì dé bá.

Ìkíni ọjọ́ náà fúnra rẹ̀ máa ń ta ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ lára. "Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún." Opó tí ọkọ rẹ̀ kò yè dọ́dún á gbọ́ ọ, á dáhùn, á sì wọ yàrá lọ nu ojú. Síbẹ̀, ìkíni yìí kò bo ikú mọ́lẹ̀. Ó mọ̀ pé ọdún le, ó sì ń kí ẹni tó là á já.

Ọdún náà ti pẹ́ ní Ìwó. Láyé Ọba Muhammed Lámúyè, Olúwòó tó wàjà ní 1906, ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti wọ ààfin. Títí dòní, bí wọ́n bá ti Yídì dé, ìdí àgbò ni gbogbo agboolé máa ń wà. Àwọn ọmọkùnrin á máa fi iná jó irun orí àgbò, àwọn obìnrin á máa fọ ìfun, àgbàlagbà kan á jókòó ti àwo ńlá pẹ̀lú ọ̀bẹ. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń pín ẹran sí: ti ilé, ti ẹbí àti ọ̀rẹ́, ti aláìní. Aládùúgbò tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi náà ń retí abọ́ tirẹ̀, nítorí ìrẹsì Kérésìmesì rẹ̀ kì í fo ilé Mùsùlùmí.

Ìdí abọ́ yìí ni ọ̀fọ̀ ti máa ń yọjú. Ẹni tó ń pín ẹran á ka abọ́ títí, á kan abọ́ màmá tó ti kú, ọwọ́ á dúró.

Ti ẹni tó wà lókè òkun tún lé kenkà. Mùsùlùmí kì í fi òkú pamọ́. Ẹni tó kú láàárọ̀, ilẹ̀ lè má ṣú kí wọ́n tó sin ín. Kí ọmọ tó rí tíkẹ́ẹ̀tì rà, wọ́n ti bo sàréè. Ní 2020, ọkọ̀ òfurufú gan-an kò sí. Oṣù Kẹta ni Nàìjíríà dá ọkọ̀ òkèèrè dúró nítorí kòrónà, oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n tó ṣí pápákọ̀ Èkó padà fún wọn. Ọjọ́ 31 oṣù Keje ni Iléyá bọ́ sí, láàárín méjèèjì. Orí fóònù ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ṣe àmín sí àdúrà fídáù òbí wọn.

Ẹ má ṣe fipá ti ọpẹ́ bọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́nu. Ẹ̀sìn pàápàá fún opó ní oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá láti fi ṣọ̀fọ̀ ọkọ rẹ̀, bí ọdún tilẹ̀ bọ́ sáàárín rẹ̀. Ọwọ́ ni ọpẹ́ irú ìdílé bẹ́ẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn àáfà gbà pé sàráà tí ọmọ bá ṣe lórúkọ òbí tó ti kú ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, kí wọ́n bu ẹran sínú abọ́ màmá bíi tàtẹ̀yìnwá. Kí wọ́n béèrè ilé tí màmá máa ń gbé e lọ. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ti máa ń mọ arúgbó tí màmá ń bọ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, àti ọmọ aláìlóbìí tí màmá ń ra ìwé fún. Wọ́n á wá rí ohun tí wọn yóò tìtorí rẹ̀ dúpẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fowó àgbò ránṣẹ́ sílé lọ́dọọdún, ẹ fi orúkọ olóògbé kún un. Ẹ bẹ ọmọ kan nínú agboolé kó gbé abọ́ náà, kí ẹlòmíràn gbé fóònù tẹ̀ lé e, kí àwọn ọmọ yín ní London àti Houston lè máa wò ó. Arúgbó náà á ṣí ìdérí, á béèrè pé ta ló rán wọn wá. Wọ́n á ní màmá ni. Á gbé abọ́ kalẹ̀, á pe màmá lórúkọ, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún àwọn ọmọ tó wà nínú fóònù, lọ́kọ̀ọ̀kan.