Àwo Orin Àwọn Ọmọ Iléèwé Obáléndé

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí àwo orin àtijọ́ bá wà nílé yín, yálà ní abẹ́ ibùsùn ni o tàbí lórí àjà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì jẹ́ kí àwọn ọmọ kó o dà sórí ààtàn. Ohun tí mo rí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ní ọdún 1973, ilé-iṣẹ́ EMI ti Nàìjíríà gbé àwo kan jáde tí wọ́n pè ní Try and Love. Àwọn tí wọ́n kọ ọ́ kì í ṣe àgbà olórin rárá. Ọmọ iléèwé ni wọ́n, ní St Gregory's College, iléèwé àwọn Àgùdà tí ó ti wà ní Obáléndé láti ọdún 1928. Orúkọ ẹgbẹ́ wọn ni Ofege. Ẹni tí ó bá lọ sí iléèwé ní Èkó láyé ìgbà náà mọ ìtumọ̀ rẹ̀: kí ọmọ yọ́ kẹ́lẹ́ kúrò ní iléèwé láìgba àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ olùkọ́, ẹ kò lè retí pé kí n yin irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Orin kan tún wà nínú àwo náà tí wọ́n pè ní Nobody Fails, èyí ni pé kò sí ẹni tí ń fìdí rẹmi. Àwa tí a ń máàkì ìwé ìdánwò mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀!

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a gbé orúkọ náà sí ẹ̀gbẹ́ kan ná, kí a wo ohun tí àwọn ọmọ wọ̀nyí ṣe. Oṣù kìíní ọdún 1970 ni ogun abẹ́lé parí. Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn rẹ̀, Melvin Ukachi, Paul Alade, Dapo Olumide, Felix Inneh àti M-Ike Meme ń kọrin pa pọ̀. Ẹ wo àwọn orúkọ náà bí wọ́n ṣe jókòó ti ara wọn, ti Yorùbá, ti Ìgbò àti ti ẹlòmíràn. Sáà yẹn, jùjú Ebenezer Obey àti ti Sunny Ade ń dún ní òde àríyá, Fela sì ń dá tirẹ̀ sílẹ̀. Ti àwọn ọmọ wọ̀nyí yàtọ̀. Wọ́n ń gbọ́ Santana láti Amẹ́ríkà, wọ́n sì ń gbọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n wọn nílé níbí, ẹgbẹ́ Monomono àti ẹgbẹ́ BLO, èyí tí àwọn mẹ́ta, Berkley Jones, Laolu Akintobi àti Odumosu, fi lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lára orúkọ wọn sọ. Odion Iruoje, ẹni tí ó ti bá Fela ṣiṣẹ́ ní EMI, ni ó gba àwọn ọmọ iléèwé náà tọwọ́tẹsẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ àwo náà, ohùn wọn rọ̀, bí ohùn ọmọ tí kò tíì gbó. Gìtá ló sì ń han gooro, tí ó ń kùn bí ẹni pé agbọ́n wà nínú rẹ̀. Wọ́n tún ṣe àwo mẹ́ta sí i, ní 1976, 1977 àti 1978. Lẹ́yìn èyí, ó parí. Kálukú bá tirẹ̀ lọ.

Kí ló wá kù? Ní nǹkan bí ọdún 2005, ilé-iṣẹ́ Luaka Bop, tí olórin David Byrne dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, kó orin àtijọ́ láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jọ sínú àwo kan, orin Ofege tí ń jẹ́ It's Not Easy sì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tẹ odindi Try and Love jáde lákọ̀tun ní òkèèrè. Nígbà tí ó di 2016, Uchenna Ikonne, ọmọ Nàìjíríà, kọ ìtàn gbogbo àwọn ẹgbẹ́ sáà yẹn sínú Wake Up You!, Amẹ́ríkà náà ni wọ́n sì ti tẹ̀ ẹ́. Inú mi dùn sí iṣẹ́ wọ̀nyí. Síbẹ̀ ó dùn mí pé ọmọ Ìkòsí tí ó bá fẹ́ ra àwo tí wọ́n kọ ní Èkó ní láti fi dọ́là rà á láti ìlú òyìnbó.

Mi ò dá òyìnbó lẹ́bi. Àwa ni a kò tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì dé, a ta gírámafóònù, a fi àwo sílẹ̀ fún eruku. Ní ti apá ọ̀dọ̀ wa ní Kòsọ́fẹ́, omi tún wà níbẹ̀. Ní ọdún 2010 tí wọ́n ṣí omi ìdídò Ọ̀yán, tí odò Ògùn sì kún dé Àgílítì àti Ajélógo, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò ráyè gbé ẹní, áḿbọ̀sì àwo orin.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ nìyí. Bí téèpù tí wọ́n kọ́kọ́ gba orin sí bá ti sọnù, ẹni tí ó fẹ́ tẹ orin náà lákọ̀tun yóò wá àwo kan tí kò ha kiri. Yóò fọ̀ ọ́, yóò gba ohùn rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, yóò sì máa ṣa ariwo tí ń ta pàá-pàá kúrò díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà, àwo kan ṣoṣo tí ó wà ní yàrá ìyá àgbà ní Kétu lè jẹ́ gbogbo ohun tí ó kù nínú orin kan ní ayé.

Bí ẹ bá rí i, ẹ má tò ó léra bí àwo ìjẹun. Ẹ gbé e dúró lóòró, kí ó jìnnà sí oòrùn, nítorí ooru a máa tẹ̀ ẹ́ wọ́. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ fi ọwọ́ mú, kì í ṣe ojú rẹ̀. Aṣọ rírọ̀ tí omi mímọ́ rin díẹ̀ ni kí ẹ fi nù ún, ẹ máa yí i lọ bí ilà rẹ̀ ṣe yí, ẹ má nù ún láti àárín síta. Bí ẹni tí ń ra àwo kiri bá sì kan ilẹ̀kùn yín, ẹ ka orúkọ tí ó wà lára rẹ̀ ná kí ẹ tó dá a lóhùn.