Ọ̀rọ̀ alẹ́ Sọ́ńdè: Bàálù wo ló tọ́ sí iṣẹ́ wo?

(Akọ̀wé ló tẹ̀ ẹ́ jáde láti inú voice note, nítorí àwọn tí dátà wọn ò tó.)

  Ẹ̀yin àgbà, mo júbà kí n tó sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa ọmọ Ẹ̀dó tẹ́ ẹ gbọ́ Yorùbá níbí, kóyo o.

Ẹ rí fọ́tò tí ẹnì kan fi sórí group lọ́sẹ̀ yìí, bàálù ogun Super Tucano, tí fáànù wà ní imú rẹ̀. Ìyá wa alálùbọ́sà rí i, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ohun tí wọ́n kó gbogbo dọ́là yẹn lé lórí nìyí? Wọ́n ti rẹ́ wa jẹ! Jẹ́ẹ̀tì tó ń sáré bí àrá dà?" Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín o. Òkè Ọya ni àlùbọ́sà ìyá ti ń bọ̀. Tí ọ̀nà bá dàrú, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ ń mọ̀. Wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè.

Ẹ mọ̀ pé spare parts jẹnẹrétọ̀ ni mò ń tà, n ò ṣe ṣọ́jà rí. Àmọ́ mo máa ń ka ọ̀rọ̀ bàálù dáadáa, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ ọjà ni. Ohun mẹ́rin ni mo fẹ́ sọ.

Èkíní, iṣẹ́ ni. Tí oníbàárà bá wọlé pé òun fẹ́ jẹnẹrétọ̀, n kì í kọ́kọ́ béèrè iye owó ọwọ́ rẹ̀. Mo máa ń bi í pé, kí lo fẹ́ fi gbé? Fíríìjì kan ni, àbí ẹ̀rọ ìlọta? Bàálù náà nìyẹn. Lọ́dún 2021 kan náà, oríṣi méjì ni Nàìjíríà gbà. JF-17 mẹ́ta dé láti Pakistan, ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 184 dọ́là. Jẹ́ẹ̀tì ni ìyẹn, ó ń sáré ju ohùn lọ, ó lè bá bàálù ẹlòmíì jà lójú òfurufú. Super Tucano méjìlá sì dé láti Amẹ́ríkà, ní mílíọ̀nù 496 dọ́là. Embraer ti orílẹ̀-èdè Brazil ló ṣe é.

Ẹ wá jẹ́ ká bi ara wa: àwọn tó ń da òkè Ọya láàmú, ṣé wọ́n ní bàálù? Wọn ò ní. Ọ̀kadà ni wọ́n ń gùn nínú igbó. Jẹ́ẹ̀tì tó ń sáré bí àrá á ti kọjá kó tó rí wọn. Tucano lè rọra máa yí po lókè fún wákàtí mélòó kan, á máa wò, epo tó ń mu ò pọ̀ bíi ti jẹ́ẹ̀tì, ó sì lè balẹ̀ síbi tí ọ̀nà rẹ̀ ò dán. Ìdí nìyẹn tí Burkina Faso àti Mali fi rà á ṣáájú wa. Torí náà, ìyá, fáànù yẹn kọ́ ni àbùkù rẹ̀.

Kẹ́ ẹ má rò pé òkèèrè nìkan ni irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, Benin níbí náà rí i. Ní oṣù May 1969, nígbà ogun abẹ́lé, Biafra ò lówó jẹ́ẹ̀tì. Ọmọ Sweden kan, Carl Gustaf von Rosen, ló bá wọn kó bàálù kéékèèké tí wọ́n fi ń kọ́ èèyàn ní fífò wá, MFI-9B. Agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ò ju ti mọ́tò kékeré lọ. Wọ́n so rọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ apá rẹ̀, wọ́n ń fò ní ìsàlẹ̀ bí ẹni fẹ́ fọwọ́ kan orí igi. Wọ́n kọ́kọ́ lọ sí Port Harcourt, ẹ̀yìn náà ni wọ́n wá sí pápákọ̀ òfurufú Benin yìí, èyí tẹ́ ẹ fi ń gba Airport Road lọ. N ò yin ogun o, ẹ̀jẹ̀ ta sílẹ̀ ní ìhà méjèèjì. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tówó rẹ̀ kéré wá ohun tó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu. Kò gba ogun fún wọn ṣá, bàálù nìkan kì í ṣẹ́gun.

Èkejì, ìtọ́jú. Láàárín 1980 sí 1990, Nàìjíríà ra jẹ́ẹ̀tì Jaguar 18 lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Bàálù gidi ni. Àmọ́ nígbà tó di 1991, wọ́n ti gbé e kalẹ̀, torí owó ìtọ́jú rẹ̀ ń ga. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ṣé a ò mọ ẹni tó ra tírélà tó sì di ilé adìyẹ lẹ́yìn ilé? Tẹ́ ẹ bá pín mílíọ̀nù 496 sí méjìlá, á lé ní mílíọ̀nù 41 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe owó irin nìkan. Spare parts wà níbẹ̀, bọ́ǹbù wà níbẹ̀, ẹ̀kọ́ àwọn awakọ̀ àti mẹkáníìkì náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ra irin nìkan, àwòrán ló rà.

Ẹ̀kẹta, ta ló mú kọ́kọ́rọ́ dání? Lọ́dún 1967, Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà kọ̀ láti ta bàálù ogun fún ìjọba Gowon. Soviet ló ta MiG fún un. Lọ́dún 2014, a fẹ́ ra hẹlikọ́pítà Cobra lọ́wọ́ Ísírẹ́lì, Amẹ́ríkà ní rárá, torí àwọn ló kọ́kọ́ ṣe é. Tucano yìí náà, ìjọba Obama dá a dúró ní January 2017, ìjọba Trump ló padà fọwọ́ sí i. A sanwó ní 2018, ọjà dé ní 2021. Ẹni tó ń ta nǹkan fún ọ, tó bá bínú, ó lè má ta ẹ̀yà rẹ̀ fún ọ mọ́. JF-17 náà, Pakistan àti China ló ṣe ara rẹ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti Russia ni. Ẹnu ọ̀nà mẹ́ta lo máa kàn.

Ẹ̀kẹrin, òun ló sì wọ̀ mí lọ́kàn jù. Kí ló fa ìdádúró January 2017 yẹn? Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù yẹn, bàálù ogun wa ju bọ́ǹbù sí Rann, ní Borno, ibi tí àwọn tí Boko Haram lé nílé sá sí. Àwọn tó kú lé ní 100. Ní December 2023, drone ti àwọn ṣọ́jà orí ilẹ̀ tún ju bọ́ǹbù sí Tudun Biri, ní Kaduna, níbi tí àwọn ará abúlé ti ń ṣe Maulud. Ó lé ní 80 èèyàn. Bàálù ò mọ àgbẹ̀ yàtọ̀ sí jàǹdùkú. Ojú tó ń wò, àti ẹni tó sọ fún awakọ̀ pé "ibẹ̀ yẹn ni," ló mọ̀. Tí a bá ra apá tó gùn tí a ò ra ojú tó ríran, ara wa la máa gbá.

Nítorí náà, ìyá wa, wọn ò rẹ́ wa jẹ nítorí fáànù. Ibi tí ariwo wà gan-an ni pé ní 2018, wọ́n sanwó ọ̀hún kí àwọn aṣòfin tó fọwọ́ sí i. Owó àjọ ni. Tí alájọ wa bá fi owó wa ra nǹkan láì bi wá, kódà kí nǹkan ọ̀hún dára, ṣé a ò ní pè é jókòó?

Lọ́jọ́ mìíràn tẹ́ ẹ bá gbọ́ lórí rédíò pé wọ́n tún fẹ́ ra bàálù, ẹ má bèèrè pé báwo ló ṣe ń sáré tó. Ẹ bèèrè pé: iṣẹ́ wo ló fẹ́ ṣe? Ta ló máa tọ́jú rẹ̀ lọ́dún kẹwàá? Ta ló mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀? Ojú ta ló máa fi ríran? Ta ló fọwọ́ sí owó rẹ̀?

Ìyá, kí àlùbọ́sà yín dé láyọ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹni tó bá ní ohun tí mo ṣì sọ, kó tún un ṣe fún mi, n ò ní bínú. Ó dàárọ̀ o.