Ìfọ́n Wo Ni? Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Lórí Orúkọ Tí A Ń Fún Àṣẹ Kọ̀ǹpútà



Bí ẹnìkan bá dúró ní Òṣogbo tó ní Ìfọ́n lòun ń lọ, onímọ́tò kò ní bi í léèrè ohunkóhun. Kó sọ bẹ́ẹ̀ ní Ọ̀wọ̀, ìlú mìíràn ni wọn yóò gbé e lọ, nítorí Ìfọ́n wà ní ìpínlẹ̀ Oǹdó náà, òun sì ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́. Ọ̀ṣun tí a fi ń kún orúkọ tiwa, Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, ló ń là wá. Bákan náà ni Ìrẹ́pọ̀dùn. Ìjọba ìbílẹ̀ tó fi Ìlobùú ṣe olú ìlú ní Ọ̀ṣun ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Èyí tó fi Òmù-Àrán ṣe olú ìlú ní Kwara náà ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Orúkọ tó yé gbogbo wa nílé lè ṣi àlejò lọ́nà.

Ohun tí mo wá sọ lónìí kò ju ìyẹn lọ, àfi pé orí kọ̀ǹpútà ni mo ti fẹ́ sọ ọ́.

Púpọ̀ nínú yín ti rí ojú dúdú tí àwọn tó ń kọ prógírámù máa ń tẹ àṣẹ sí. Wọn yóò tẹ orúkọ irinṣẹ́ kan, wọn yóò wá fi àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó ní dáàṣì níwájú tẹ̀ lé e. Àwọn ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ń pè ní àṣàyàn. Àwọn ló ń sọ fún irinṣẹ́ náà bí a ṣe fẹ́ kó ṣe iṣẹ́. Irinṣẹ́ tó ń bá wa kọ kóòdù ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ ó júwe ohun tí ẹ fẹ́ fún un ní ṣókí, yóò sì kọ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìlà sínú fáìlì fún yín.

Iṣẹ́ yìí ti pẹ́. Láàárín ọdún 1970 sí 1979, Stephen Johnson ní Bell Labs, ní Amẹ́ríkà, kọ irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ yacc. Ẹ júwe gírámà èdè kan fún un, yóò kọ kóòdù tó lè ka èdè náà sínú fáìlì y.tab.c. Orúkọ kan náà ló ń lò, gírámà yòówù kó jẹ́. Bí gírámà méjì bá wà nínú fódà kan, ti èkejì á gorí ti àkọ́kọ́, ti àkọ́kọ́ á sì pòórá. Bison, ọ̀kan nínú àkójọ irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ tó ń jẹ́ GNU, tó jogún iṣẹ́ yacc, ló tún un ṣe: ara orúkọ fáìlì tí ẹ fún un ló ti ń yọ orúkọ èyí tó kọ.

Ẹ wá wo àṣàyàn tó ń jẹ́ -v. Bí ẹ bá fi í fún yacc, yóò kọ àlàyé sínú fáìlì kan tó ń jẹ́ y.output. Bí ẹ bá fi í fún Python, irinṣẹ́ tó ń mú prógírámù èdè Python ṣiṣẹ́, yóò bẹ̀rẹ̀ sí kọ orúkọ gbogbo módù tó ń gbé wọlé sójú kọ̀ǹpútà. Node, tó ń mú prógírámù JavaScript ṣiṣẹ́, ní tirẹ̀ yóò sọ ẹ̀dà tí òun jẹ́, yóò sì dákẹ́. Lẹ́tà kan, iṣẹ́ mẹ́ta.

Èmi alára ti jìyà irú rẹ̀. Nígbà tí mo ń kọ́ iṣẹ́, mo lo irinṣẹ́ kan tó ní -f. Mo rò pé fáìlì ni. Àṣé force, ìyẹn fipá, ni: kó má bèèrè, kó ṣáà máa kọ lé ohunkóhun tó bá bá nílẹ̀. Àtúnṣe ọjọ́ mẹ́fà tí mo fọwọ́ ara mi ṣe lọ kí n tó ṣẹ́jú. Mi ò gbàgbé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń wí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé àṣàyàn tó lè ba iṣẹ́ ẹlòmíràn jẹ́ kò gbọdọ̀ ní orúkọ kúkúrú. Kí ẹni tó bá fẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ tán pátá, kí ọwọ́ rẹ̀ pẹ́ lórí rẹ̀.

Ìwà Rails, irinṣẹ́ ìkọ́ ojúlé wẹ́ẹ̀bù tó jáde ní 2004, tó máa ń kọ fáìlì fúnni, wù mí níbi yìí. Bí ó bá bá fáìlì nílẹ̀, yóò dúró, yóò bèèrè. Ẹ tẹ d, yóò fi ìyàtọ̀ tó wà láàárín ti àtijọ́ àti tuntun hàn yín. Ẹ fi --pretend fún un, yóò ka gbogbo ohun tí òun ìbá ṣe láìfọwọ́ kan nǹkan kan. Ó ní --force pẹ̀lú, ó sì gé e kúrú sí -f. Gígé yẹn ni n kò fara mọ́.

Àwọn irinṣẹ́ GNU gbà kí a gé orúkọ gígùn kúrú, bí èyí tí a kọ bá ti tó láti dá a mọ̀. Ó rọrùn lónìí. Ẹni tó kọ --ver nítorí pé --verbose nìkan ló wà yóò jí lọ́jọ́ kan, yóò rí i pé --version ti dé, àṣẹ rẹ̀ kò sì ní ṣiṣẹ́ mọ́. Ìfọ́n tí kò ní Ọ̀ṣun lẹ́yìn nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Ìfọ́n fúnra rẹ̀. Ká ní ọ̀dọ́ kan níbí kọ irinṣẹ́ tó ń gba --ilu=Ìfọ́n. Ẹ wo lẹ́tà ọ́ tó wà láàárín rẹ̀. Fóònù kan lè mú ọ tó ti ní àmì nísàlẹ̀, kó gbé àmì ohùn lé e. Òmíràn lè mú ó tó ti ní ohùn lórí, kó fi ti ìsàlẹ̀ kún un. Ẹ̀kẹta lè bẹ̀rẹ̀ láti orí o lásán, kó to méjèèjì mọ́ ọn. Lójú wa, ìlú kan ni. Lójú kọ̀ǹpútà, ìlú mẹ́ta ni, àfi bí irinṣẹ́ bá kọ́kọ́ sọ wọ́n di ọ̀kan ní ìlànà tó ń jẹ́ NFC nínú Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà àwọn èdè ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá ń kọ irinṣẹ́ fún Yorùbá tí kò ṣe èyí kò tíì ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Orúkọ àṣàyàn náà ńkọ́? Èmi kì í fi àmì sí i, nítorí kò sí lórí kíbọ́ọ̀dù gbogbo ènìyàn. Inú àlàyé --help ni mo ti ń kọ Yorùbá tó pé, tó lámì. Ṣùgbọ́n --ilu tí kò lámì lè jẹ́ ìlú, ó lè jẹ́ ìlù. --oruko-ilu ni n ó kọ ní tèmi. Ó gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò ní gbé gángan wá síbẹ̀.