Ta Ni Yóò San Owó Eyín Àtọwọ́dá?

Ní oṣù Keje 1948 tí ètò ìlera ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní Britain, ọ̀fẹ́ ni eyín àtọwọ́dá. Àwọn tí ó ti ń fi èrìgì jẹun tipẹ́ ya bo oníṣègùn eyín. Owó tí ìjọba yà sọ́tọ̀ kò tó. Ní 1951, wọ́n ní kí aláìsàn máa san nǹkan bí ìdajì. Aneurin Bevan, tí ó dá ètò náà sílẹ̀, tìtorí rẹ̀ kọ̀wé fi ipò mínísítà sílẹ̀. Bevan ni mo gbè: ta ni yóò pe jíjẹun ní fàájì? Ní England, iye náà di £326.70 ní oṣù Kẹrin 2025, ì báà ṣe eyín kan tàbí gbogbo ẹnu. Ẹni tí ó bá wà lọ́hùn-ún, kí ó tó gbà kí a wọn ẹnu òun, kí ó béèrè bóyá abẹ́ ètò ìjọba ni tàbí ti àdáni, nítorí oníṣègùn kan náà lè máa ṣe méjèèjì.